Ọdẹ́gbèmí, Adájọ́ Etí Omi ní Ìlú Olú-Ibú

Ẹ sún mọ́ ìhín, ẹ̀yin tí ẹ fi ẹ̀yìn ti igi àgbọn yẹn bí ẹni tó fẹ́ kọ́lé síbẹ̀. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀pà kó tètè jẹ ẹ́ tán, nítorí n kò fẹ́ kí ariwo èèpo ẹ̀pà bo ọ̀rọ̀ mi mọ́lẹ̀. Èmi Ògúndípẹ̀ tí ẹ ń wò yìí, ẹfọ̀n ti lé mi rí, èmi náà sì ti lé ẹfọ̀n. Ọjọ́ tí mo pàdé iwin lójú ọ̀nà oko, iwin náà ló yà fún mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, kó bá mi dé igbó lọ́la. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ìtàn Ọdẹ́gbèmí ni, ọkùnrin tó kọ́ mi níṣẹ́ ọdẹ, ẹni tó lọ di adájọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ará abẹ́ omi láìgba kọ́bọ̀. Ìtàn náà kò dùn délẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe rí ni n óò ṣe sọ ọ́.

Àkànmú ni orúkọ baba Ọdẹ́gbèmí. Ọdẹ ni, ó sì mọ odò bó ṣe mọ igbó. Ní ìgbà òjò kan, ọkọ̀ dojú dé lórí odò Àwẹ̀rẹ̀ tó ṣàn kọjá ní ìlú wọn, Ìdí-Ìyeyè. Àwọn yòókù yọ, ṣùgbọ́n wọn kò rí Àkànmú, wọn kò rí òkú rẹ̀, wọn kò tilẹ̀ rí fìlà rẹ̀. Àyìnkẹ́, ìyàwó rẹ̀, kọ̀, kò wọ aṣọ ọ̀fọ̀. Ó ní ẹni tí òun kò rí òkú rẹ̀, òun kò ní sunkún rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń bu oúnjẹ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, tí yóò dé e, tí oúnjẹ náà yóò tutù síbẹ̀. Bí Ọdẹ́gbèmí bá rí àwo náà, ọkàn rẹ̀ a gbọgbẹ́, a sì gba ẹ̀yìnkùlé jáde kí ìyá rẹ̀ má baà rí ojú rẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n gbọ́ pé obìnrin amọ̀kòkò kan ní ìlú kejì, tí omi ti gbé lọ láti ìgbà pípẹ́, ti padà dé ilé rẹ̀. Ọdẹ́gbèmí sáré lọ bá a. Ó bá obìnrin náà tó jókòó sídìí iná, ó bo aṣọ mọ́ra nínú ooru, irun rẹ̀ sì ń rùn bí ewé odò.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́," ni Ọdẹ́gbèmí wí, "ṣé ẹ rí Àkànmú, baba mi, níbi tí ẹ ti ń bọ̀?"

"Mo rí Àkànmú," ni obìnrin náà dáhùn. "Gbogbo àwa tí omi gbé, ìlú Olú-Ibú la wà, ọba abẹ́ omi. Lọ́dọọdún, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, a máa ń fi ìlúwẹ̀ẹ́ díje. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ọwọ́ méjèèjì kan ògiri òkúta ni ọba máa ń dá padà sáyé. Èmi ni mo borí lọ́dún yìí. Baba rẹ ló tẹ̀ lé mi."

"Kí ni mo lè ṣe, ìyá?"

"Wọn kì í jẹ́ kí alààyè bá wọn díje. Ṣùgbọ́n wọ́n ń wá adájọ́. Àwọn iwin kò fọkàn tán ara wọn, nítorí kálukú ló ní ẹni tó ń gbè. Alààyè tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe adájọ́ etí omi. Igbó Ta-Ló-Ṣíwájú ni ọ̀nà ibẹ̀ gbà. Má gba ẹ̀bùn lójú ọ̀nà o, ìbáà ṣe obì."

Ọdẹ́gbèmí délé, ó rò fún ìyá rẹ̀. Àyìnkẹ́ di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó ní: "Ọdẹ́gbèmí, lọ bá mi mú baba rẹ wá." N kò ní tan yín: kì í ṣe ìfẹ́ òdodo ló gbé ọkùnrin yìí lọ ṣe adájọ́. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé bí baba òun bá tilẹ̀ ṣe ìkẹyìn, òun ni òun yóò wí pé ó ṣe ìkíní. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ni nínú yín tí kò ní rò bẹ́ẹ̀?

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ọdẹ́gbèmí gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó wọ Igbó Ta-Ló-Ṣíwájú. Ẹnu ọ̀nà igbó náà ni iwin kan tó ń jẹ́ Olóríméjì dúró sí. Orí ọ̀tún ń bú orí òsì, orí òsì ń tutọ́ sí orí ọ̀tún lójú. Bí wọ́n ṣe rí àlejò, ẹnu méjèèjì pa pọ̀:

"Ọmọ aráyé, a gbọ́ pé adájọ́ lo fẹ́ dà. Dá ẹjọ́ tiwa kí o tó kọjá. Nínú àwa méjèèjì, ta ló kọ́kọ́ dé ibí? Bí o bá pe ọ̀tún, òsì yóò gbé ọ mì. Bí o bá pe òsì, ọ̀tún yóò jẹ ọ́ tegungun-tegungun."

Ìwọ tí o wọ bùbá aláró lọ́ọ̀ọ́kán yẹn, kí lo máa wí? Ó dákẹ́! Wọn ì bá ti máa fi eegun rẹ ta eyín báyìí. Èmi ní tèmi, ìbọn ni n bá fi dá ẹjọ́ náà, bóyá ìyẹn ni kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè mí sídìí iṣẹ́ adájọ́ rí. Ọdẹ́gbèmí wò wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní: "Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú. Ẹsẹ̀ yín ló kọ́kọ́ dé. Orí wo ló ń dé ibì kan kí ẹsẹ̀ tó dé ibẹ̀?"

Orí méjèèjì bojú wolẹ̀. Wọ́n rí ẹsẹ̀ tí wọn kò wò láti ọjọ́ tí ìjà ti dé, wọ́n bú sẹ́kún, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ẹsẹ̀ pé kó má bínú. Ọdẹ́gbèmí gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Inú rẹ̀ kò dùn. Ó mọ̀ pé ẹjọ́ ẹlòmíràn kì í ṣòro dá. Ẹjọ́ ilé ẹni ni kì í jẹ́ kí a sùn.

Ìlú tó kàn ni Ẹ-Ṣáà-Gbà-á, ìlú tí wọ́n ti ń fi ẹ̀bùn ki ọ̀fun àlejò. Ebi ti ń pa Ọdẹ́gbèmí débi pé ó ń gbọ́ ohùn ìfun rẹ̀ bí ẹni tó ń bá a jà. Àwọn ará ìlú náà yí i ká, wọ́n gbé ọ̀yà yíyan wá, wọ́n gbé ẹmu wá, ọkùnrin kan sì na àwo dòdò gbígbóná sí i, òróró ṣì ń hó lára rẹ̀. "Ẹ ṣáà gbà á," ni wọ́n ń wí, "kì í ṣe nǹkan kan, ẹ ṣáà gbà á." Ọdẹ́gbèmí ti mú dòdò kan sókè, ó ti dé ẹnu, kó tó wo ojú ọkùnrin náà. Ẹ̀yinjú rẹ̀ funfun báláú. Ó wo ẹnì kejì, bákan náà. Gbogbo ìlú ni kò ríran.

"Baba, kí ló fọ́ ojú yín?" ni ó béèrè.

Ọkùnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Adájọ́ ni gbogbo wa fẹ́ lọ ṣe," ni ó wí. "Èmi, awẹ́ obì kan péré ni mo jẹ."

Ẹ rántí pé àwọn àgbà ní ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Ọdẹ́gbèmí dá dòdò padà sínú àwo, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ewé títí awọ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, ó sì sá jáde ní ìlú náà pẹ̀lú ebi rẹ̀. Èso igbó kíkan ló jẹ dé ọ̀dọ̀ Olú-Ibú, ó sì ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi lójú ọ̀nà, nítorí ó kọ ẹ̀bùn dòdò, ṣùgbọ́n irọ́ tó fẹ́ pa fún baba rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀ bí òkúta.

Omi ìlú Olú-Ibú mọ́ gaara. Wọ́n ta ìtàkùn sójú omi náà láti òpin kan dé òpin kejì, kí olùlúwẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ní ọ̀nà tirẹ̀, ògiri òkúta sì wà ní ìparí. Níbẹ̀ ni ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Aṣọ́bèbè ti gbà á. Iwin ni, kò ní ìpéǹpéjú, nítorí náà kì í ṣẹ́jú. Òun ni olórí àwọn adájọ́, òun ló sì ń kọ́ ẹni tuntun. Ó mú Ọdẹ́gbèmí dúró sórí ògiri nínú oòrùn, òun náà dúró tì í. Yóò da ẹja sómi, yóò ní: "Lẹ́bẹ́ wo ló kọ́kọ́ kan ògiri?" Bí Ọdẹ́gbèmí bá ṣì í, yóò fi pàṣán gbá a ní ojúgun. Ẹ̀yin rò pé iṣẹ́ adájọ́, ìjókòó ni? Ìdúró ni! Ẹsẹ̀ ọdẹ tó ń rin igbó já wú bí ẹsẹ̀ aboyún, omi sì ń dà lójú rẹ̀ nítorí kò gbọdọ̀ ṣẹ́jú.

"Gbọ́," ni Aṣọ́bèbè máa ń wí, "ọ̀nà tí a fún ọ nìkan ni kí o máa wò. Bí olùlúwẹ̀ẹ́ bá ṣẹ̀, nawọ́ sókè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ohun tí ojú rẹ kò bá rí, má sọ pé ó ṣẹlẹ̀. Bí iyèméjì bá wà, ti olùlúwẹ̀ẹ́ ni. Má ṣe kí ẹnikẹ́ni, má ṣe dá ẹnikẹ́ni lóhùn."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ọwọ́ méjì, ìyá?"

"Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ẹni tó bá fẹ́ padà sáyé, kó fi ọwọ́ méjèèjì di ayé mú."

Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, ìyá náà tẹjú mọ́ ọn. "Ṣé o ní ìbátan nínú omi? Bí o bá ní, sọ fún mi, kí n fi ọ́ sídìí ìwo tí a ń fun kí wọ́n tó bẹ́ sómi. Ìyẹn náà, iṣẹ́ adájọ́ ni. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀."

Ọdẹ́gbèmí rántí oúnjẹ tó ń tutù nínú àwo. "N kò ní ẹnikẹ́ni, ìyá," ni ó wí.

"Ó dára. Níwọ̀n bí o kò ti ní ẹnikẹ́ni, yan ọ̀nà tó bá wù ọ́."

Ẹ̀ẹ̀rùn tún mú, ọjọ́ ìdíje pé. Olú-Ibú jókòó sórí ìtẹ́, ìrùngbọ̀n rẹ̀ ń ṣàn bí omi òjò. Àwọn iwin kún etí omi, wọ́n ń pariwo. Àwọn tí omi gbé jáde wá, wọ́n tò sí òpin kejì, ara wọn funfun bí ẹni tó pẹ́ nínú omi ìfọṣọ. Ọdẹ́gbèmí rí baba rẹ̀ láàárín wọn. Àkànmú ti rù, irun rẹ̀ ti funfun tán. Ọ̀nà tirẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ lọ dúró sí. Ní ọ̀nà tó tẹ̀ lé e ni obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ẹ̀fúnyẹmí, tí omi gbé níbi tó ti lọ pọn omi tí yóò fi wẹ ọmọ tuntun. Kí wọ́n tó tò, obìnrin náà ti kọjá níwájú àwọn adájọ́, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin baba, ẹ wò wá dáadáa," ni ó wí. "Ọmú mi ṣì ń sun."

Ọdẹ́gbèmí gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

Ìwo dún, wọ́n bẹ́ sómi. Áà, ẹ̀yin ènìyàn, ìlúwẹ̀ẹ́ ẹni tó fẹ́ padà sílé kì í ṣe ìlúwẹ̀ẹ́ eré! Omi ń hó, ìtàkùn ń mì, àwọn iwin ń pe orúkọ ẹni tí wọ́n ń gbè. Nígbà tí wọ́n dé ìdajì, Ẹ̀fúnyẹmí ló ṣíwájú. Ọdẹ́gbèmí bẹ̀rẹ̀ sí í to irọ́ rẹ̀ sẹ́nu. Ṣùgbọ́n Àkànmú ta sí i, ó bá obìnrin náà, ó kọjá rẹ̀! Baba ń bọ̀ lóòótọ́! Kò sí irọ́ kankan tí a nílò mọ́! Omijé ayọ̀ bọ́ lójú ọmọ. Ó rí èjìká baba rẹ̀, ó rí orí funfun yẹn tó yọ lómi lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an, baba gbójú sókè, ojú wọn ṣe mẹ́rin.

Ọmọ tí a kọ́ nílé ni Ọdẹ́gbèmí. Láti ìgbà tó ti mọ ìrìn, kò rí ojú baba rẹ̀ rí kó wà lóòró. Kò rò ó. Ara rẹ̀ ló ṣe é fún un. Ó nà gbalaja sórí òkúta, ó da àyà délẹ̀, ó ní: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, bàbá mi!"

Ọwọ́ tútù kan sì bà lé e lórí.

Nígbà tó gbórí sókè, baba rẹ̀ ti wà lára ògiri, Ẹ̀fúnyẹmí sì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di òkúta mú, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Àwọn iwin ń jó, wọ́n ń kígbe "Àkànmú! Àkànmú!" Olú-Ibú gbé ọwọ́ sókè, gbogbo ibẹ̀ sì pa lọ́lọ́.

"Adájọ́ ọ̀nà Àkànmú," ni ọba wí, "kí ni o rí?"

"Kábíyèsí," ni Ọdẹ́gbèmí dáhùn, "ojú mi kò rí ọwọ́ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀."

Ariwo sọ. Aṣọ́bèbè kàn ń wò ó. Ọba ní: "Òfin ni pé bí iyèméjì bá wà, ti olùlúwẹ̀ẹ́ ni. Àwọn adájọ́ yòókù, ọ̀nà tiwọn ni wọ́n ń wò. Bí o kò bá ní ohun mìíràn í sọ, Àkànmú ló ń lọ sílé."

Ẹ gbọ́ o, gbogbo rẹ̀ ti parí! Kò purọ́, òfin wà lẹ́yìn rẹ̀, baba rẹ̀ ti gbé orúnkún kan lé ògiri láti gòkè. Kó ṣáà dákẹ́ ni. Ṣùgbọ́n omi ọwọ́ náà ń ṣàn láti àárín orí rẹ̀ wá sí ọrùn, ó ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ojú rẹ̀ kò rí i, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Bí òun bá gbà pé ọwọ́ méjèèjì ló wà lára òkúta, ọwọ́ ta ni a wá fi súre fún òun? Òun yóò mú baba délé, òun yóò sì sẹ́ ọwọ́ rẹ̀ títí ayé. Ó wo Ẹ̀fúnyẹmí. Obìnrin náà kò bẹ̀bẹ̀. Ó ti gbé iwájú orí lé òkúta.

Ọdẹ́gbèmí na ọwọ́ sókè.

"Kábíyèsí, ọ̀kan ló kan ògiri," ni ó wí. "Èkejì wà lórí mi. Baba mi ni."

Àkànmú sọ orúnkún náà kalẹ̀. Kò bú ọmọ rẹ̀, kò sì yìn ín. Ó di ògiri mú pẹ́, lẹ́yìn náà ó ní: "Ọdẹ́gbèmí, ta ló ní kí o dọ̀bálẹ̀?" Ó jọ̀wọ́ òkúta, omi sì bo orí rẹ̀. Ọdẹ́gbèmí wó lulẹ̀ sórí ògiri náà, ó sunkún bí ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú.

Wọ́n fa Ẹ̀fúnyẹmí jáde kúrò nínú omi, ó sì sáré lọ sílé láìbojú wẹ̀yìn. Aṣọ́bèbè wá dúró sórí Ọdẹ́gbèmí, ó ní: "Ká ní o sọ òtítọ́ fún mi, ìdí ìwo ni ò bá wà. Baba rẹ ì bá fi ọwọ́ méjèèjì kan ògiri, kí o tó wá kí i. Irọ́ tí o pa ló gba ọwọ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀nà yìí ti di tìrẹ. Lọ́dọọdún ni o óò máa wá dúró sí i, lọ́fẹ̀ẹ́, títí baba rẹ yóò fi borí. Bí o bá kí i, tàbí tí o bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún un, ìdíje rẹ̀ ti bàjẹ́."

Ọdẹ́gbèmí délé, kò lè wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àyìnkẹ́ ló jáde wá bá a. Ó rò ó fún un, kò fi nǹkan kan pamọ́. Ìyá náà ní: "Ọwọ́ náà, ibo ló bà lé?" Ọdẹ́gbèmí fi hàn án. Àyìnkẹ́ gbé àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ lé ibẹ̀, ó sì wá sunkún ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà fún ìgbà àkọ́kọ́.

Èmi Ògúndípẹ̀ bá a lọ lọ́dún kan. Ta ló tún ní irú àyà bẹ́ẹ̀ nínú yín? Ojú mi yìí ni mo fi rí i. Ọdẹ́gbèmí ti di àgbà adájọ́ nígbà náà, òun ló ń kọ́ àwọn ẹni tuntun bí a ti ń dúró, kò sì sí iwin tó lè sọ pé òun fún un ní ohunkóhun rí. Ìwo dún. Ẹni méjì kan ògiri, ẹni mẹ́ta kan án, kí arúgbó kan tó wọ́ ara dé ọ̀nà tirẹ̀. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé òkúta, ó gbé tòsì lé e, ó gbójú sókè. Ọmọ rẹ̀ dúró gbọnrangandan sí i lórí. Mo rí i, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ṣòkòtò rẹ̀ mú kí ara rẹ̀ má baà tẹ̀. Kò wo ojú baba rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò.

"Ọwọ́ méjì pé," ni ó wí sókè kí ọba lè gbọ́.

Arúgbó náà mi orí, ó sì rì padà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ nìyẹn láti ọdún dé ọdún, kò sí òmíràn.

Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ gbọn èèpo ẹ̀pà yín nù, kí ẹ dìde. Ẹni tí baba rẹ̀ bá wà nílé nínú yín, kó lọ dọ̀bálẹ̀ fún un kó pẹ́ nílẹ̀ dáadáa.